Àpótí Ìbuwọ́lù Inú Fọ́ọ̀mù Orí Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí jáde láti inú ìbéèrè tí ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ l'Ọ́jà'ba béèrè nígbà ìpàdé tó kọjá. Wọ́n ní, “Akọ̀wé, ẹ ní a ó máa fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù owó yíyá lórí kọ̀ǹpútà. Ó dáa. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá di ìjà lọ́la, ta ni yóò mọ̀ pé ọwọ́ tèmi nìyẹn?” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín, nítorí pé ojú mi ti rí i rí.

Nígbà kan, mo ṣe onídùúró fún ọ̀rẹ́ mi kan nínú ẹgbẹ́ mìíràn. Wọ́n ní kí n má wulẹ̀ yọ ara mi lẹ́nu láti wá, kí n sáà fọwọ́ sí bébà pélébé, kí n yà á ní fọ́tò, kí n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. ₦200,000 ni a jọ sọ. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi ò rówó san mọ́, tí wọ́n ránṣẹ́ pè mí, ₦500,000 ni mo bá nínú ìwé, ọwọ́ mi sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mi ò lè ní kì í ṣe ọwọ́ mi. Ọwọ́ mi ni. Ìwé yẹn ni kì í ṣe èyí tí mo fọwọ́ sí.

Fọ́tò ọwọ́ ẹni kò so mọ́ ìwé kankan. Ẹni tó bá ní in lọ́wọ́ lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ohunkóhun tó bá wù ú. Bákan náà ni kéèyàn fi ìka ya ọwọ́ rẹ̀ sójú fóònù: àwòrán lásán ni.

Òfin kò sì fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Òfin Ẹ̀rí ti 2011, ní abala 93, gba ìbuwọ́lù orí ẹ̀rọ níbi tí òfin bá ti ní kí a fọwọ́ síwèé, wọ́n sì tún òfin náà ṣe ní 2023 láti fi ìbuwọ́lù díjítà kún un. Òfin ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ ti 2015 ní irú ìbuwọ́lù bẹ́ẹ̀ de ẹni tó ṣe é nínú ọjà rírà àti àdéhùn mìíràn. Ẹ wá fetí sí èyí: òfin kan náà ní bí ẹnìkan bá sọ pé ọwọ́ náà kì í ṣe ti ẹni tí wọ́n ní ó ni ín, òun tó jiyàn ni yóò mú ẹ̀rí wá. Ẹ ò rí i pé ó yẹ ká ṣọ́ra? (Ìwé ìhágún àti ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó òun ìkọ̀sílẹ̀, ìyẹn kò sí lára rẹ̀. Ẹ fi bébà àti bírò ṣe wọ́n.)

Báwo ni ojúlówó ìbuwọ́lù díjítà ṣe ń ṣiṣẹ́? Ẹ wo kókó tí ìyá ọlọ́jà fi so owó sétí aṣọ. Bí ẹlòmíràn bá tú u, tó tún un so, ìyá mọ̀. Kọ̀ǹpútà máa ń ṣírò gbogbo ohun tó wà nínú ìwé di àmì kúkúrú kan, á sì fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí ẹni tó ń fọwọ́ sí i tì í pa. Bí ẹnìkan bá sọ 2 di 5 lẹ́yìn náà, àmì náà kò ní bá ìwé mu mọ́, ètò kọ̀ǹpútà tó ń yẹ ìbuwọ́lù wò á sì fi hàn.

Ó wá ku bí akọ̀wé yóò ṣe to fọ́ọ̀mù. Ẹ kọ́kọ́ parí gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, kí ẹ tó sọ ọ́ di PDF. Lẹ́yìn náà, nínú Acrobat Pro, ẹ lọ síbi tí wọ́n kọ Prepare a form sí. Àpótí fún iye owó ní nọ́ńbà, òmíràn fún iye náà ní ọ̀rọ̀, òmíràn fún iye oṣù tí a ó fi san án. Lẹ́yìn èyí, ẹ fa àpótí ìbuwọ́lù: ọ̀kan fún ayáwó, ọ̀kan fún onídùúró kìn-ín-ní, ọ̀kan fún èkejì, ọ̀kan fún akọ̀wé, ọ̀kan fún ààrẹ. Kí kálukú ní orúkọ tirẹ̀. Àpótí ìbuwọ́lù gan-an ni kí ẹ yàn, kì í ṣe àpótí ọ̀rọ̀ lásán tí wọ́n kàn kọ “ọwọ́” sí lábẹ́.

Ibi tí àwọn akọ̀wé púpọ̀ ti ń ṣìṣe nìyí. Ẹ ṣí Properties àpótí ayáwó, ẹ lọ sí Signed, ẹ yan Mark as read-only. Èyí ni yóò ti àwọn àpótí mìíràn pa ní kété tí ayáwó bá ti fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ má yan gbogbo àpótí o! Bí ẹ bá ti gbogbo rẹ̀ pa, onídùúró ò ní ríbi fọwọ́ sí mọ́. Iye owó, ní nọ́ńbà àti ní ọ̀rọ̀, pẹ̀lú iye oṣù nìkan ni kí ẹ tọ́ka sí. Nígbà tí ìwé bá fi dé ọwọ́ onídùúró, owó ti dúró sójú kan. Kó kà á, kó tó fọwọ́ sí i. Bí ó bá bá àpótí owó ní òfìfo, kó dá a padà; ìyẹn kò yàtọ̀ sí kéèyàn sáìnì bébà funfun.

Kọ́kọ́rọ́ àṣírí náà ńkọ́? Acrobat ń pè é ní Digital ID, fáìlì kan tó ní pásíwọọ̀dù ni. Ọwọ́ oníǹkan ni kó wà. Mo mọ̀ pé ó rọrùn kí akọ̀wé ṣe ti ènìyàn mẹ́wàá sórí kọ̀ǹpútà kan, kó fi pásíwọọ̀dù kan náà sí gbogbo rẹ̀. Ẹ má gbà fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ èmi. Akọ̀wé tó bá mú kọ́kọ́rọ́ gbogbo wa dání lè yáwó lórúkọ gbogbo wa. Èyí tí ènìyàn bá sì fúnra rẹ̀ ṣe, kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ kò ní mọ̀ ọ́n títí a ó fi sọ fún un pé a fọkàn tán an. Ojú ìpàdé, níwájú ẹni tó ni ín, ni a ó ti ṣe ìyẹn.

Àwọn òbí wa tí kò kàwé kò gbọ́dọ̀ pàdánù ẹ̀tọ́ wọn. Òfin tó ń dáàbò bo aláìmọ̀wé, tí àwọn akọ̀wé tó ń bá aráàlú kọ ìwé ń tẹ̀ lé láti ayé àtijọ́, ní kí wọ́n ka ìwé náà, kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún ẹni náà kó tó fọwọ́ sí i tàbí kó tẹ̀ka, kí ẹni tó kọ ọ́ sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì tirẹ̀ síbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ka, orí bébà ni kó ti tẹ̀ ẹ́, a ó sì fi àyè ẹni tó kà á fún un sí ìsàlẹ̀.

Bí gbogbo ọwọ́ bá pé, ẹ má tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà kí ẹ wá pa fáìlì rẹ́. Orí bébà, àwòrán ló kù, kò sí kókó lára rẹ̀ mọ́. Fáìlì gan-an ni kí a tọ́jú, kí ayáwó àti onídùúró méjèèjì sì gba ẹ̀dà tiwọn lọ́jọ́ náà gan-an. Ká ní mo ní ẹ̀dà tèmi lọ́wọ́ nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ ₦500,000 ì bá má gùn tó bẹ́ẹ̀.

Ìdáhùn mi fún ìyá wa l'Ọ́jà'ba nìyẹn. A ó gbé kọ̀ǹpútà wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, a ó sì to fọ́ọ̀mù kan lójú gbogbo yín. Ẹ̀yin ará Bẹẹrẹ àti Bẹ́yẹrúnkà tí ẹ ti ní fọ́ọ̀mù onídùúró nílẹ̀, ẹ mú ẹ̀dà rẹ̀ dání, ká jọ wo iye tó wà nínú rẹ̀.