Ẹ Jókòó Ná, Kí Ẹ Tó Lọ

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Síbẹ̀, èmi kì í ṣe ẹni tí ó fẹ́ràn láti máa bá ọmọdé wí ní gbangba, n kì bá sì ti gbé kálámù rárá bí kò bá ṣe ti ohun tí ojú mi rí lóṣù tó kọjá ní ilé kan ní Ìyànà Ìyẹsí, níbi tí wọ́n ti pè mí wá wo ẹ̀rọ amúnimí, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní CPAP, tí ń fẹ́ atẹ́gùn síni nímú lójú oorun, tí ọ̀kan nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ oníṣẹ́ ẹ̀rọ gbé kalẹ̀ fún baálé ilé náà, tí wọ́n sì ti yìn ín títí nítorí pé ìṣẹ́jú 10 péré ni ó fi parí iṣẹ́, àti pé nígbà tí ìyàwó ilé ráhùn pé ẹ̀rọ náà ń ṣe ṣíì-ṣíì sí òun létí mọ́jú, ó padà wá, ó sì mú un dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Orí tí ń fọ́ baba náà ní òròòwúrọ̀ ni wọ́n torí rẹ̀ pè mí. Mo gbé ìbòjú ẹ̀rọ náà sókè sí iná. Tépù ni ọmọ náà lẹ̀ mọ́ àwọn ihò wínníwínní tí ó wà níwájú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ mọ ohun tí mo rí yìí: ihò wọ̀nyẹn ni èémí tí ẹni náà mí síta ń gbà jáde, bí a bá sì dí wọn, afẹ́fẹ́ tí ó ti lò tán ni yóò tún máa fà símú. Ọmọ náà mú ẹ̀rọ dákẹ́ lóòótọ́, bí ìgbà tí ènìyàn fi ìrọ̀rí bo ẹni tí ń sunkún lẹ́nu, tí ó wá ń yangàn pé òun ti rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Kì í tilẹ̀ ṣe tépù náà ni ó dùn mí jù, nítorí àìmọ̀ ni, àìmọ̀ sì ní oògùn, ìyìn tí wọ́n yìn ín ni, àti pé nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ní Sàngó-Ọ̀tà, ẹnì kan dìde, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wo ti ọwọ́ yíyá rẹ̀ náà." Ọwọ́ yíyá! Ta ni ń lé wa?

N kò ní bá yín sọ bí a ṣe ń so rọ́bà mọ́ ẹ̀rọ, bí a ṣe ń wọn imú kí a tó yan ìbòjú, tàbí bí a ṣe ń fọ asẹ́. Ẹ ti mọ ìyẹn. Ohun tí gbogbo yín ń fò dá ni mo fẹ́ sọ: ẹ kì í jókòó. Ẹ óò tan ẹ̀rọ, aláìsàn yóò wà lórí àga ní pálọ̀, yóò mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ óò ní, "Ó ti bọ́ sí i, sà," ẹ óò gba owó, ọ̀kadà á sì ti máa dúró dè yín lẹ́nu ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ yìí kì í fi gbogbo agbára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. A ṣe é kí ó máa gòkè díẹ̀díẹ̀, kí oorun lè kọ́kọ́ gbé ẹni náà lọ: láti 4 lórí òṣùwọ̀n rẹ̀ ni ó lè ti gbéra, kí ó tó dé 10, tàbí 12, tàbí 15 tí dókítà kọ fún un, ìṣẹ́jú 20 lè kọjá, ó sì lè tó 45. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ fúnra yín. Ẹni tí ó lo ìṣẹ́jú 10 kò gbọ́ ohùn ẹ̀rọ tí òun fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀. Ìyàwó ilé ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ, lọ́gànjọ́ òru, nígbà tí ìbòjú tí ó bá ojú mu lórí ìjókòó bá yẹ̀, nítorí pé ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ kì í dúró sí àyè rẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

Mo ní àpótí ìjókòó kékeré kan tí mo máa ń gbé lọ síbi iṣẹ́. Àwọn kan nínú yín ti fi í ṣe mí yẹ̀yẹ́. Mo máa ń tọrọ àyè lọ́wọ́ tọkọtaya, ilẹ̀kùn yàrá á wà ní ṣíṣí, nítorí yàrá olóyàrá kì í ṣe ibi àwàdà. N óò ní kí aláìsàn dùbúlẹ̀ bí ó ṣe máa ń sùn gan-an, kí ó wọ ìbòjú, kí wọ́n pa iná. N óò wá gbé àpótí mi sí apá ibi tí orí ẹnì kejì ń wà, n óò tẹrí ba títí etí mi yóò fi bá ìrọ̀rí dọ́gba, n óò sì dúró títí ẹ̀rọ yóò fi gòkè tán. Gbogbo alángbá ni ó danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run nínú wọn: ohùn ihò ìbòjú a máa lọ ní ọgbọọgba, kì í pọ̀, kì í dín, atẹ́gùn tí ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú a máa pa fùrù-fùrù, a sì yí padà bí ẹni náà bá ti yíra, omi inú rọ́bà a máa hó bí ìkòkò, tábìlì tí inú rẹ̀ ṣófo a máa kùn bí ìlù tí a fi aṣọ bò, ẹ̀rọ tí asẹ́ rẹ̀ ti dí a máa mí gúlegúle bí ẹni ru ẹrù gun òkè. Ti àkọ́kọ́ kò ní oògùn, kò sì yẹ kí ó ní. Ẹ kàn yí i kúrò ní ojú ẹnì kejì ni. Àwọn yòókù ni iṣẹ́ yín. Ọmọ tí ó lẹ tépù kò dá ọ̀kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì, nítorí kò jókòó.

Kì í ṣe àná ni mo kọ́ èyí. Ní 1964 ni bàbá mi fà mí lé ọ̀gá kan lọ́wọ́ ní Ìjànà, nínú Ọ̀tà Ìganmọde yìí, ọmọ Àwórì, kí n kọ́ títún asọ̀rọ̀mágbèsì ṣe. Nígbà náà, oko ni ọ̀pọ̀ ibi tí ilé iṣẹ́ ńláńlá kún lónìí. Bàbá kan gbé rédíò rẹ̀ wá, ó ní bí ìrọ̀lẹ́ bá ti lẹ́, tí òun bá fẹ́ gbọ́ ìròyìn láti Ìbàdàn, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ta tá-tá-tá bí àgbàdo lórí iná. Mo tú u, mo pààrọ̀ ohun kan. Ó gbé e lọ, ó gbé e padà. Mo tún un tú. Nígbà tí ó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ọ̀gá mi kò bá mi wí. Ó ní kí n gbé rédíò náà tẹ̀lé oní-nǹkan lọ sílé, kí n jókòó níbẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Mo rò pé ìyà ni ó fi ń jẹ mí. Wọ́n fún mi ní ẹ̀bà, mo jẹ ẹ́. Rédíò ń sọ̀rọ̀ geere. Bí oòrùn ti ń wọ̀, ìyá tí ń lọ ata lẹ́yìn ògiri kejì ta ẹ́ńjìnnì rẹ̀, èyí tí ń lo pẹtiróòlù, rédíò sì bú sí i: tá-tá-tá. Iná tí ń ṣẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì náà ni ó ń gbọ́. Kò sí ohun tí ó ṣe rédíò láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé. Ọ̀gá mi dá gbogbo owó bàbá náà padà, ó sì yọ ọ́ nínú owó oúnjẹ mi, ó wá ní, "Yàrá ni a ń tún ṣe, kì í ṣe àpótí."

Kí ẹ má baà rò pé mo gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé mi. Ìyá ilé mi ní àrùn tí a torí rẹ̀ ń lo ẹ̀rọ yìí, èémí dídá lójú oorun. Kí a tó mọ orúkọ rẹ̀, a ti pè é ní ogun òru. Wọ́n ní ọ̀tá ni ó ń fún un lọ́rùn, a sì ti náwó fún ọ̀tá náà. Híhanrun rẹ̀ a máa gba ògiri kọjá sí ọ̀dọ̀ aládùúgbò, ṣùgbọ́n híhanrun kọ́ ni ó ń dẹ́rù bà mí. Nílé iṣẹ́ tí mo ti ṣe iṣẹ́ iná fún ọdún mọ́kàndínlógún ní Sàngó, àwa oníṣẹ́ òru a máa tòògbé sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tí ń bú ramúramù. Bí ó bá dákẹ́ lójijì ni gbogbo wa ń fò dìde. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń ta jí nígbà tí ìyá náà bá dákẹ́. N óò máa kà: 10, 15, 20, yóò wá mí hàà, bí ẹni tí ó yọrí láti inú odò. Dókítà ni ó sọ fún wa pé bí èémí bá ti dá tó ìṣẹ́jú-àáyá 10, àwọn ti ń kà á mọ́ èémí dídá. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wá fi ìdákẹ́ yangàn lójú mi.

Nígbà tí ẹ̀rọ rẹ̀ dé, ìṣẹ́jú 10 ni èmi náà fi gbé e kalẹ̀. Orí kọ́bọ́ọ̀dù ni mo gbé e sí, lókè téńté, kí ó lè níyì. Ní òru, omi inú rẹ̀ ṣàn bá rọ́bà wálẹ̀, ó dà sí i ní imú, ìbòjú sì ń jò fùrù-fùrù sí mi lọ́rùn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi sùn ní pálọ̀, tí mo ń purọ́ pé ooru ni. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹwàá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Bàbá wọn, ṣé ẹ̀rọ ni mo fẹ́ ni, àbí ẹ̀yin?" Ojú tì mí. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi, tí ó ti sùn ní ibojì tipẹ́, sọ sí mi lọ́kàn, mo gbé àpótí wọlé. Ìgbà tí mo jókòó ni mo rí i pé ibi tí ó rẹlẹ̀ ju ìrọ̀rí lọ ni ó yẹ kí ẹ̀rọ wà, lórí ohun tí kò ṣófo nínú, kí ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó fi ń fa afẹ́fẹ́ má sì kan ògiri tàbí aṣọ. Pé bí ọyẹ́ bá dé tàbí tí ẹ̀rọ amúlétutù bá ń fẹ́ sí rọ́bà, aṣọ ni a ń wé mọ́ ọn. Pé òrí tí ìyá náà ń fi pa ojú sùn ni ó ń mú ìbòjú yọ̀, kì í ṣe pé ìdè rẹ̀ kò le tó. Ẹ ṣọ́ra fún fífún ìdè mọ́ni lórí: ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ìwọ̀n agbára ẹ̀rọ, ti dókítà ni. Ẹni tí ó bá dín in kù kí ariwo lè rọlẹ̀, ó ti gba oògùn lẹ́nu aláìsàn.

Àwọn tí ń sọ pé ẹ̀rọ yìí ń pariwo, wọn kò mọ bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní 1980, ní Sydney ní Ọsirélíà, ẹ́ńjìnnì ẹ̀rọ tí a fi ń fa eruku ilẹ̀ ni dókítà Colin Sullivan yí padà tí ó ń fẹ́ atẹ́gùn síni nímú, àtè ni wọ́n sì fi ń lẹ ìbòjú mọ́ ojú ẹni náà. Ní 1981 ni ó kọ ìròyìn rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn tí ń jẹ́ The Lancet. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tí a ń lò nísinsin yìí kò ju bíi desibẹ́ẹ̀lì 25 sí 30 lọ, ohùn tí kò ju ti ẹni tí ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ìdákẹ́ yìí kan náà sì ti kó bá ẹlòmíràn: ní oṣù Kẹfà 2021, ilé iṣẹ́ Philips pe ọ̀kẹ́ àìmọye irú ẹ̀rọ yìí tí ó ṣe padà káàkiri ayé, nítorí fóòmù tí wọ́n fi sínú wọn kí ohùn lè rọlẹ̀ lè máa rún, kí ó sì bá atẹ́gùn wọ inú ẹni. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ra tòkunbọ̀, ẹ wo orúkọ àti nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó gbé e wọ ilé onílé.

Ti iná, mo mọ̀ pé ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Bí IBEDC bá mú iná lọ, ẹ̀rọ dúró, híhanrun padà dé. Inverter ni ó yẹ ilé bẹ́ẹ̀, kí a sì pa iná tí ń mú omi gbóná nínú ẹ̀rọ, nítorí òun ni ó ń jẹ bátìrì jù. Ẹni tí ó bá gbé jẹnẹrétọ̀ sí abẹ́ fèrèsé kó aláìsàn sí wàhálà, nítorí afẹ́fẹ́ yàrá náà ni ẹ̀rọ ń fà, òun náà ni ó sì ń fẹ́ wọ inú ènìyàn, tòun ti èéfín rẹ̀.

Ìyàwó kan nítòsí Tollgate sọ fún mi pé tírélà ojú ọ̀nà kò jí òun rí, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ọkọ òun kò jẹ́ kí òun sùn. Oníṣẹ́ tí ó gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín: tírélà ń lọ geere ni, etí ti gbà á, atẹ́gùn tí ń jò a máa dé, a máa lọ, etí kò sì lè sùn tì í. Mo bá wọn jókòó ìṣẹ́jú 50. Ìbòjú tí ó tóbi ju imú ọkọ lọ ni.

Ti Ìyànà Ìyẹsí, mo ti ṣí tépù kúrò, mo sì ti ní kí wọ́n lọ rí dókítà wọn. Mo ń wá ọmọ tí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, kì í ṣe láti nà án. Àpótí mi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn; kí ó wá yá a.