Ohun tí í mú kí píkọ́ọ̀pù àtijọ́ máa gbọ̀n, àti bí a ti í wádìí rẹ̀

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa,

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ń fi píkọ́ọ̀pù àtijọ́ kó kòkó, ẹ̀gẹ́ àti iṣu jáde láti oko. Irú ọkọ̀ tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níhìn-ín ni èyí tí ẹ́ńjìnnì lè yí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí i Toyota Hilux tàbí Land Rover àtijọ́. Ọkọ̀ alágbára ni, ṣùgbọ́n bí ó bá ti dàgbà, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Nígbà náà ni ẹlòmíràn yóò sáré ra táyà tuntun. Bí gbígbọ̀n náà kò bá dáwọ́ dúró, yóò tún ra béárìn. Owó ìkórè yóò tán, ọkọ̀ yóò sì máa gbọ̀n síbẹ̀.

Ewu tí ó ju àdánù owó lọ tún wà níbẹ̀. Bí ọ̀pá tí ń yí lábẹ́ ọkọ̀ bá já lórí eré, tí orí rẹ̀ ti iwájú sì wọ́lẹ̀, ó lè gún ilẹ̀ kí ó sì dojú ọkọ̀ dé pẹ̀lú gbogbo àwọn tí ó wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, ẹ má sì ṣe fi ìméfò ra ohunkóhun. Ẹ kọ́kọ́ bi ọkọ̀ náà léèrè.

1. Bí agbára ti í dé ẹsẹ̀ ọkọ̀

Ẹ́ńjìnnì ni ó ń yí gíábọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni gíábọ́ọ̀sì kékeré wà, èyí tí í pín agbára sí iwájú àti sí ẹ̀yìn. Láti ibẹ̀, ọ̀pá gígùn tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní pùròpẹ́là lọ sí ẹ̀yìn, òmíràn sì lọ sí iwájú. Oríkèé wà lára ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, òun ni a ń pè ní kúrọ́ọ̀sì. Nínú ọ̀pọ̀ Hilux, ọ̀pá ẹ̀yìn pín sí méjì, béárìn tí ó wà nínú rọ́bà sì gbé e dúró láàrin.

Ẹ fi èyí sọ́kàn: bí táyà bá yí lẹ́ẹ̀kan, pùròpẹ́là a ti yí tó ìgbà 4. Nítorí náà, àìsàn táyà a máa mi ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú agbára. Àìsàn pùròpẹ́là a máa gbọ̀n kíákíá, a sì máa kùn bí oyin.

2. Ẹ fọ ọkọ̀ ná

Ẹrẹ̀ oko tí ó gbẹ sínú rímù tó láti mú kí ọkọ̀ máa gbọ̀n. Ẹ fi omi fọ inú rímù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ara pùròpẹ́là, kí ẹ sì já okùn tàbí wáyà tí ó bá wé mọ́ ọn. Ẹ wo afẹ́fẹ́ táyà, kí ẹ sì fún nọ́ọ̀tì wọn le. Ẹ tún wa ọkọ̀ náà. Ẹlòmíràn yóò rí i pé iṣẹ́ ti parí, kò sì ná kọ́bọ̀.

3. Ìbéèrè mẹ́ta

Ìkínní: Ẹ dá ọkọ̀ dúró, ẹ fi gíá sí fíríì, kí ẹ sì tẹ tọ́tù díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá gbọ̀n níbi tí ó dúró sí, ẹ wá àìsàn náà lọ́dọ̀ ẹ́ńjìnnì àti rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé.

Ìkejì: Lójú ọ̀nà tí ó tẹ́jú tí kò sí ènìyàn, ẹ sá eré dé ibi tí ọkọ̀ ti í máa gbọ̀n, kí ẹ fi gíá sí fíríì, kí ọkọ̀ máa yí lọ fúnra rẹ̀. Bí ó bá ń gbọ̀n síbẹ̀, ẹ́ńjìnnì kò jẹ̀bi. Táyà, pùròpẹ́là tàbí ohun tí ó wà nídìí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni. Bí ó bá dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ́ńjìnnì lè jẹ̀bi, kúrọ́ọ̀sì tí ó ti jẹ náà sì lè jẹ̀bi, nítorí òmíràn kì í gbọ̀n àfi nígbà tí agbára bá ń fà á.

Ìkẹta: Bí ẹsẹ̀ iwájú bá ní ìdè tí a kọ FREE àti LOCK sí, ẹ fi ọ̀pá gíá kékeré sí 2H, kí ẹ wa ọkọ̀ lórí FREE, lẹ́yìn náà lórí LOCK. Lórí FREE, pùròpẹ́là iwájú kì í bá táyà yí. Bí ó bá jẹ́ lórí LOCK nìkan ni ọkọ̀ ń gbọ̀n, iwájú ni kí ẹ wò.

4. Wíwo abẹ́ ọkọ̀

Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, kí ẹ fi igi dí táyà níwájú àti lẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Nínú Land Rover àtijọ́, pùròpẹ́là ni bíréèkì ọwọ́ ń dì mú, kì í ṣe táyà. Bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan sókè, ọkọ̀ lè yí kúrò lórí jáàkì bí ẹ tilẹ̀ fa bíréèkì náà.

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ di pùròpẹ́là mú, kí ẹ sì gbìyànjú láti yí i síwá sẹ́yìn. Bí kúrọ́ọ̀sì bá ń mì, tàbí tí ìyẹ̀fun pupa bí ìpẹtà bá yí i ká, ó ti gbẹ, ó sì ti jẹ. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ wo bóyá rọ́bà béárìn àárín ti ya, bóyá bóòtù ti dẹ̀, àti bóyá ọ̀pá náà ti tẹ̀ níbi tí òkúta tàbí kùkùté ti gbá a.

5. Àṣìṣe tí a ń fi ọwọ́ ara wa ṣe

A máa ń fi ewé kún sípíríńgì ẹ̀yìn kí ọkọ̀ lè ru ẹrù púpọ̀ sí i. Èyí a máa gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, kúrọ́ọ̀sì a sì tẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Bí gbígbọ̀n náà bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ti mọ ibi tí ó ti wá.

Kí mẹkáníìkì tó tú pùròpẹ́là, kí ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí gbogbo ojú ìsopọ̀. Bí a bá dà á pọ̀ lọ́nà òdì, ọ̀pá tuntun pàápàá yóò máa gbọ̀n.

Ẹ má ṣe lo 4H lórí ọ̀nà ọlọ́dà tí ó gbẹ, ẹ má sì ṣe lo táyà tí ìwọ̀n wọn kò dọ́gba. Iwájú àti ẹ̀yìn yóò máa bá ara wọn jà, gíá ni yóò sì jìyà rẹ̀.

Ní ìparí, bí kúrọ́ọ̀sì yín bá ní ihò gírísì, ẹ máa fún gírísì sí i déédéé, pàápàá lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá la odò kọjá, títí tí gírísì tuntun yóò fi yọ jáde. Gírísì kò wọ́n tó pùròpẹ́là, pùròpẹ́là kò sì wọ́n tó ẹ̀mí. Bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n, ẹni tí ó ni ín ni kí ó gbọ́n.