Bí Àrọ̀ Ńlá Ṣe Lè Dé Ìtòkú Láàyè

Gbogbo wa la mọ̀ pé àrọ̀ tó bá kú lọ́nà, owó rẹ̀ ti wálẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ kan, mo fi owó àjọ ra àrọ̀ ńlá 12 ní Òdẹ̀dá. Mo bu omi kún kẹ́ẹ̀gì méjì dé ẹnu, mo dé wọn pinpin. Nígbà tí mo ṣí wọn ní Ìtòkú, 7 ti kú. Ohun tí mo kọ́ rèé:

1. Kí ẹni tó ń sìn ín má fún un lóúnjẹ láti àná. Ìgbẹ́ rẹ̀ ló ń ba omi jẹ́.

2. Ẹ gé orí kẹ́ẹ̀gì, ẹ bu omi tó bo ẹ̀yìn ẹja nìkan, ẹ fi àwọ̀n bò ó. Àrọ̀ a máa yọrí wá mí afẹ́fẹ́ òkè; ibi tí mo ti ṣìṣe nìyẹn.

3. Ẹ má lo ọ̀rá. Ẹ̀gún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á lu ú.

4. Omi adágún tó ti wá ni kí ẹ lò. Oògùn inú omi ẹ̀rọ lè pa á.

5. Ìdájí ni kí ẹ gbé e, kí oòrùn tó mú.

Ọjà á tà o.