Má Tíì Kọ Ọ́ Pé Ó Ti Padà

Ọmọ mi, mo rí ohun tí o kọ sórí àwòrán ẹ̀dọ̀ baba yẹn láàárọ̀ yìí: jẹjẹrẹ ti padà. Jókòó ná. Oṣù mẹ́ta péré sẹ́yìn ni baba gba ìtànṣán. Oko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sun, ta ní ń retí kí ó tutù yọ̀yọ̀?

Dúdú tí o rí ló tàn ẹ́. Oògùn gadoxetate tí a ń fà sí aláìsàn lára nínú ẹ̀rọ MRI, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ tó lera ló ń gbà á mu. Tó bá tó nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, ẹ̀dọ̀ á ti funfun lórí àwòrán. Jẹjẹrẹ kì í sábà gbà á. Ẹ̀dọ̀ tí ìtànṣán ti gbá náà kò lágbára àtigbà á. Àwọn méjèèjì á dúdú, wọ́n á jọra bí ìbejì.

Ìrísí ni kí o wò. Kí n tó wo àwòrán rárá, mo máa ń ní kí àwọn tó fún aláìsàn ní ìtànṣán fi hàn mí ibi tí wọ́n darí rẹ̀ gbà. Ọgbẹ́ ìtànṣán ń tẹ̀lé ipa yẹn bí omi ṣe ń tẹ̀lé poro. Ó lè fẹ̀ bí ọ̀já, iṣan ẹ̀jẹ̀ á sì gba àárín rẹ̀ kọjá láìyà. Tó bá pẹ́, ibẹ̀ á súnkì. Jẹjẹrẹ ní tirẹ̀ ń ṣe roboto, ó ń ti iṣan sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń tóbi. Ẹ̀jẹ̀ á yára gbé oògùn kún un, oògùn á tún yára ṣá kúrò nínú rẹ̀.

Síbẹ̀, ṣọ́ra fún ẹ̀jẹ̀ yẹn náà. Kókó jẹjẹrẹ tí ìtànṣán ti ṣẹ́gun ṣì lè máa fa ẹ̀jẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Kì í kú lọ́jọ́ kan. Tí kò bá ti tóbi sí i, tí AFP, àmì jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ tí a ń wò nínú ẹ̀jẹ̀, kò sì gòkè, kọ ohun tí o rí àti ibi tí o ti rí i, kí baba padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Èmi náà ti sáré kọ ọ́ rí. Mo sọ fún ìyá kan pé ó ti padà, wọ́n lọ pín ilẹ̀ wọn fún àwọn ọmọ. Nígbà tí wọ́n padà wá, ọgbẹ́ náà ti súnkì. Ìyá wò mí títí, wọ́n ní, “Dókítà, ó yá, ẹ bá mi gba ilẹ̀ mi padà.”