Kíkọ́ Èdè Potogí Ní Ilẹ̀ Àjèjì: Ọ̀rọ̀ Sí Àwọn Ọmọ Tí Ń Lọ

Nígbà tí àwọn olóòtú ìwé àjọ̀dún yìí ní kí a kọ nǹkan tí yóò wúlò fún àwọn ọmọ tí wọ́n jókòó nísinsin yìí sórí àga tí àwa ti dìde, ọkàn wa lọ tààrà sí ọ̀rọ̀ kan tí a gbé síwájú wa ní ọdún tó kọjá. Ọmọkùnrin kan nínú ìjọ wa ní Ṣàngó Ọ̀tà, tí òun náà jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí, wá sí ilé àlùfáà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Ó ti rí àyè gbà láti lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Bràsíìlì. Bàbá rẹ̀, tí ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ní ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ irin àgbègbè wa, jókòó tì í. Kò bèèrè nípa oúnjẹ, kò bèèrè nípa owó ọkọ̀. Ó ní, "Bàbá, èdè wo ni wọn ó máa bá a sọ?" Ó wá sọ fún wa pé ọwọ́ àti ojú ni òun àti àwọn ọ̀gá òun fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ọdún 11 sẹ́yìn, àti pé lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ mú ìka ẹnì kejì òun, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tí ó mọ bí a ti ń sọ "dá a dúró" ní èdè ẹni tí ó wà nídìí iná.

Ìbéèrè àgbà ni. Ètò tí ìjọba Bràsíìlì gbé kalẹ̀ ní ọdún 1965, tí wọ́n ń pè ní PEC-G, ti gba ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà sí yunifásítì láìgba owó ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ wọn, Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ètò náà kàn. Ṣùgbọ́n ẹnu-ọ̀nà rẹ̀ ní ìlẹ̀kùn, ìlẹ̀kùn náà sì ni ìdánwò èdè Potogí tí à ń pè ní Celpe-Bras, tí wọ́n ti ń ṣe láti ọdún 1998. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi jẹ́ pé ẹni tí kò bá gba ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ kí ó tó kúrò nílé yóò kọ́kọ́ lo nǹkan bí ọdún kan ní kíláàsì èdè níbẹ̀. Bí ó bá sì kùnà, ilé ni yóò padà sí. Ìdánwò ọ̀hún kì í béèrè òfin gírámà lọ́kọ̀ọ̀kan. Fún wákàtí 3, akẹ́kọ̀ọ́ yóò wo fídíò, yóò gbọ́ ohùn tí a gbà sílẹ̀, yóò kàwé, yóò sì kọ ohun tí ó bá gbogbo wọn mu. Lẹ́yìn èyí, wọn yóò bá a sọ̀rọ̀ lójúkojú fún ìṣẹ́jú 20. Ẹni tí ó bá ti ń sá fún ènìyàn láti ọjọ́ tí ó ti dé kò lè yege irú ìdánwò bẹ́ẹ̀.

Àwa ti sá fún ènìyàn rí. Nígbà tí a wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà, wọ́n fi wá ṣe pàṣípààrọ̀ fún ọdún kan lọ sí Salvador, olú-ìlú Bahia. A ti fi oṣù mẹ́ta ka ìwé gírámà tí a kọ ní Gẹ̀ẹ́sì, a sì rò pé a ti gbọ́ èdè náà. Ní ọjọ́ kejì tí a dé, a dúró níwájú ìlẹ̀kùn ilé ìkàwé, a rí ọ̀rọ̀ kan lára rẹ̀: PUXE. Bí wọ́n ti ń pè é kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí "push" ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà a tì í. Kò ṣí. A fi èjìká tì í. Ìyá arúgbó kan tí ń gbálẹ̀ níbẹ̀ bọ́ síwájú, ó fi ìka méjì fà á, ìlẹ̀kùn sì ṣí. "Fà á" ni puxe túmọ̀ sí. Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ojú sì tì wá tó bẹ́ẹ̀ tí a fi pa ẹnu mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méje. A ń lọ sí kíláàsì, a ń lọ sí ilé ìsìn, a ń mi orí bí alángbá. Ọjọ́ kan ni olùkọ́ wa bi wá ní nǹkan, a mi orí gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó pè wá síwájú gbogbo kíláàsì kí a wá ka iṣẹ́ tí a ti gbà láti ṣe. A kò ní ìwé kankan lọ́wọ́.

Ẹni tí ó tú wa sílẹ̀ kì í ṣe olùkọ́. Obìnrin aláṣọ funfun kan ni, tí ń dín nǹkan nínú epo pupa ní ìkọríta. A bi í pé kí ni, ó ní acarajé. Àkàrà! Ẹ̀wà tí a lọ̀ ni, epo tí wọ́n ń pè ní dendê ni wọ́n fi dín in, wọ́n là á láàárín, wọ́n sì fi edé sí i. (Àwọn ọ̀rọ̀ wa mìíràn tí ó sọdá òkun bá ẹ̀sìn tí kì í ṣe tiwa rìn, a kò sì ní wọ inú ìyẹn níbí, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè tí kò sì jẹ́ kí ahọ́n rẹ̀ bọ́ sómi tó ẹni tí à ń bọ̀wọ̀ fún.) Láti ọjọ́ náà, a ń jókòó ti ìyá alákàrà ní ìrọ̀lẹ́. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá, nítorí náà kò sí ibi tí a lè sá sí. Ibẹ̀ ni a ti rí i pé ọ̀nà tí a gbà láti ilé kò tọ́: à ń ti inú Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Potogí, nígbà tí Yorùbá ti wà lẹ́bàá ìlẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé. Èdè Potogí ya e sí méjì, ó sì ya o sí méjì, gẹ́gẹ́ bí èdè wa ti yà wọ́n. Avó, tí a pe ìparí rẹ̀ bí ọ, ni ìyá àgbà. Avô, tí a pe ìparí rẹ̀ bí o, ni bàbá àgbà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ará Amẹ́ríkà tí a jọ wà ní kíláàsì kò gbọ́ ìyàtọ̀ yìí fún ọ̀pọ̀ oṣù, wọ́n sì ń kí ìyá onílé wọn bí ẹni ń kí ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ti ń ya oko kúrò lára ọkọ láti kékeré, kí ni yóò ṣòro fún un níbẹ̀? Àmì kékeré tí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi sábẹ́ e àti o tiwa ti ṣe iṣẹ́ náà tán. Ọkọ̀ àwọn Potogí sì ni wọ́n kó Àjàyí yìí sí ní ọdún 1822, kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, èdè tí à ń sọ yìí ni òun ì bá fi ọjọ́ ayé rẹ̀ sìn.

Bákan náà ni fáwẹ̀lì aránmúpè. Pão ni búrẹ́dì, pau ni igi; imú nìkan ni ó yà wọ́n. (Pau ní ìtumọ̀ mìíràn tí kò yẹ ìwé ilé-ẹ̀kọ́, nítorí náà ẹ ṣọ́ra ní ilé oníbúrẹ́dì.) Ẹni tí ó lè sọ "ó rí" àti "ó rín" láìṣì wọ́n pè ti ní imú tí pão ń fẹ́. Ẹ tún wo ọ̀wọ̀. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì wa fi "you" kan ṣoṣo túmọ̀ ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Você ni ẹgbẹ́ ẹni. O senhor ni àgbà ọkùnrin, a senhora ni àgbà obìnrin. Ọmọ tí a kọ́ pé kò gbọdọ̀ pe bàbá rẹ̀ ní "ìwọ" ti mọ ìdí rẹ̀ kí olùkọ́ tó lanu.

A kò sọ pé Yorùbá yóò ṣe gbogbo rẹ̀. Èdè wa kò ní v, kò sì ní z. Vaca ni màlúù, faca ni ọ̀bẹ. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, a ń ròyìn fún àwọn ará ilé bí àwọn Fúlàní ti ń da màlúù kọjá ní ọ̀nà oko wa; gbogbo wọn dákẹ́, wọ́n ń wo ara wọn, nítorí ohun tí wọ́n ń gbọ́ ni pé agbo ọ̀bẹ ni àwọn ènìyàn náà ń dà. R tí ó bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ a máa dún bí h, tí ó fi jẹ́ pé rua, tí í ṣe òpópónà, "hua" ni lẹ́nu wọn. Ohun gbogbo ni wọ́n sọ di akọ tàbí abo: abo ni tábìlì, akọ ni ìwé, kò sì sí ìdí kan tí a lè rí. Ọkùnrin a máa dúpẹ́ pé obrigado, obìnrin pé obrigada. Lẹ́nu ìyá alákàrà ni àwa ti kọ́ ọ, nítorí náà a fi oṣù kan dúpẹ́ bí obìnrin, títí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ fi pè wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe, tí ń yí padà fún èmi, ìwọ àti àwa, àkọ́sórí lásán ni. Ẹ má ṣe wá ọ̀nà àbùjá.

Fún kíkà, ohun tí ó ràn wá lọ́wọ́ jù ni Bíbélì méjì lórí tábìlì kan: ti Yorùbá, àti ti João Ferreira de Almeida, ẹni tí Májẹ̀mú Titun rẹ̀ ní èdè Potogí jáde ní 1681. A mú Ìhìn Rere Jòhánù, tí a ti mọ̀ sórí láti ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, a sì kà á lẹ́sẹẹsẹ. Ẹni tí ó bá ti mọ ohun tí gbólóhùn kan fẹ́ sọ kì í bẹ̀rù ọ̀rọ̀ inú rẹ̀.

Ọ̀nà yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1959, Agostinho da Silva, ọ̀mọ̀wé ará Pọ́túgà, dá ilé ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní CEAO sílẹ̀ ní yunifásítì Bahia. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ń kọ́ Potogí níbẹ̀ kí wọ́n tó lọ sí yunifásítì tí a pín wọn sí. Ní àkókò kan náà ni Ebenezer Latunde Lasebikan, ọmọ Yorùbá, ń kọ́ àwọn ará Bahia ní Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí kan náà.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ó kan ilé. Ní ìgbà tiwa, ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, ẹni tí ó bá sọ Yorùbá nínú ọgbà yóò san owó ìtanràn tàbí kí ó gbé pátákó kọ́rùn. Àwọn olùkọ́ wa fẹ́ kí a yege ni, a kò sì bínú sí wọn. Ṣùgbọ́n ìtìjú tí a kọ́ nídìí pátákó náà ni a gbé lọ sí Salvador. Òun ni ó dì wá lẹ́nu fún ọ̀sẹ̀ méje. Bí òfin bẹ́ẹ̀ bá ṣì wà níbikíbi, a bẹ̀ ẹ̀yin aláṣẹ kí ẹ tún un wò ní ọdún àjọ̀dún yìí.

Nítorí náà, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn, a kò fún ọmọ náà ní ìwé gírámà. A mú un jáde sí ẹnu-ọ̀nà, a fi ọ̀nà hàn án. A ní Ọ̀tà tí ó ń gbé yìí wà láàárín orúkọ Potogí méjì: Lagos, adágún omi, wà lápá kan, bí ó bá sì gba ọ̀nà Ìdí-Ìrókò kọjá ẹnubodè, yóò dé Porto-Novo, èbúté tuntun. A fi avó àti avô kọ́ ọ, bàbá rẹ̀ náà sì ń pè é tẹ̀lé wa. A sọ ọ̀rọ̀ PUXE fún un pẹ̀lú.

Ó tì í síbẹ̀. Ó fi ohùn ránṣẹ́ sí wa ní oṣù àkọ́kọ́ pé òun ti ìlẹ̀kùn báńkì, pé òun ni òun kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, àti pé ẹni tí ó wà lẹ́yìn òun ti di ọ̀rẹ́ òun. Ó ti jókòó sí ìdánwò náà báyìí. Èsì kò tíì jáde bí a ti ń fi ìwé yìí ránṣẹ́ sí àwọn olóòtú. Bàbá rẹ̀ sì ń dúró dè wá lẹ́nu-ọ̀nà ilé ìsìn ní gbogbo ọjọ́ Àìkú láti bèèrè.