Ilẹ̀ Tó Fẹ̀ Níwájú, Tó Há Lẹ́yìn

Ẹni tó bá ń wá ilẹ̀ rà ní Ifákọ̀ yóò gbọ́ "pílọ́ọ̀tì kan" àti "ààbọ̀ pílọ́ọ̀tì" títí etí rẹ̀ á fi kún. Pílọ́ọ̀tì tí a mọ̀ ní Èkó fẹ̀ tó 60 ẹsẹ̀ bàtà, ó sì gùn tó 120. Tí a bá fi mítà wọ̀n ọ́n, ìbú rẹ̀ súnmọ́ 18, gígùn rẹ̀ súnmọ́ 36. Ìyẹn kò le: 18 lọ́nà 36 jẹ́ 648 sìkúwíà mítà. Sìkúwíà mítà kan ni àyè onígun mẹ́rin gígún tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 1.

Ṣùgbọ́n níbi tí títì bá ti ṣẹ́ kọ́nà, tàbí tí kánàlì bá gba ẹ̀yìn ilé kọjá, ilẹ̀ tó bá ṣẹ́kù máa ń fẹ̀ níbì kan, á sì há níbòmíràn.

Ẹ jẹ́ ká mú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kan. Àpẹẹrẹ lásán ni o, ẹnikẹ́ni kò tà á. Iwájú rẹ̀ tó kọjú sí títì jẹ́ mítà 24, ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ mítà 8. Ògiri ọwọ́ òsì lọ tààrà láti iwájú dé ẹ̀yìn, mítà 30 ni. Ògiri ọwọ́ ọ̀tún dagun, mítà 34 ni. Iwájú àti ẹ̀yìn ń bá ara wọn lọ bí irin rélùwéè: bó ti wù ká fà wọ́n gùn tó, wọn kò ní pàdé. Ohun tó bá rí báyìí ni olùkọ́ ìṣirò ń pè ní trapísíọ̀mù.

Ẹni tó ń tà á lè ní, "24 lọ́nà 30, 720 ni." Ó ṣírò bíi pé ẹ̀yìn fẹ̀ tó iwájú. Ẹni tó ń rà á lè gbọ́n tirẹ̀: "8 lọ́nà 30, 240 ni." Òótọ́ wà láàárín àwọn méjèèjì gan-an.

Ẹ mú bébà, kí sẹ̀ntímítà 1 dúró fún mítà 2. Ẹ ya ilẹ̀ náà: 12 níwájú, 4 lẹ́yìn, 15 lọ́wọ́ òsì. Ẹ gé méjì tó bára mu. Ẹ yí ọ̀kan po kí iwájú rẹ̀ bọ́ sókè (ẹ má dojú bébà náà bolẹ̀), kí ẹ wá fi ẹ̀gbẹ́ tó dagun kan ẹ̀gbẹ́ tó dagun. Onígun mẹ́rin gígún ni yóò jáde. Ní mítà, ìbú rẹ̀ jẹ́ 24 àti 8, ìyẹn 32. Gígùn rẹ̀ jẹ́ 30. 32 lọ́nà 30 jẹ́ 960. Ilẹ̀ méjì nìyẹn, nítorí náà ọ̀kan jẹ́ 480.

Ní kúkúrú: ẹ ro iwájú pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn, ẹ pín in sí méjì, kí ẹ fi ìjìnnà tó wà láàárín wọn sọ ọ́ di púpọ̀.

Ahmes, akọ̀wé ará Íjíbítì, ti kọ irú ìṣirò yìí sórí ìwé òrépèté ní ohun tó lé ní 3,500 ọdún sẹ́yìn. Ilẹ̀ tirẹ̀ fẹ̀ tó 6 níhìn-ín, 4 lọ́hùn-ún, ó gùn tó 20. Ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ 100. Ìwé náà wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti jiyàn lórí bóyá 20 yẹn jẹ́ ìjìnnà tó gún tàbí ẹ̀gbẹ́ tó dagun.

Níbi tí a ti ń ṣi ẹ̀gbẹ́ tó dagun mú fún ìjìnnà tó gún ni owó ti ń sọnù. Ká ní, lórí ilẹ̀ àpẹẹrẹ wa, a fi 34 ti ògiri ọ̀tún sọ 16 (ìdajì 32) di púpọ̀, 544 ni a ó rí. Ẹni tó bá sanwó fún un ti ra 64 sìkúwíà mítà tí kò sí nílẹ̀. Ọgbọ́n bíríkìlà ló ń yọni: láti igun kan, ẹ wọn mítà 3 lórí ìlà iwájú, kí ẹ wọn 4 lórí okùn tó lọ sẹ́yìn. Bí orí méjèèjì bá fi mítà 5 gééré jìn síra, okùn náà gún. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ tì í díẹ̀, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n.

Bí iwájú àti ẹ̀yìn kò bá bá ara wọn lọ, ẹ má lo ìlànà yìí. Ẹ na okùn láti igun kan sí igun tó kọjú sí i, kí ẹ ṣírò onígun mẹ́ta méjì. Ìwé sọ́fè ni ìjọba ń gbà, ṣùgbọ́n a lè fi tépù tiwa yẹ iye tó wà lórí rẹ̀ wò.

Ẹ dán èyí wò: gọ́tà kan fẹ̀ tó mítà 3 lókè, mítà 2 nísàlẹ̀, ó sì jìn tó mítà 2. Bí a bá gé e níbùú, báwo ni ojú rẹ̀ ṣe tó? Ìdáhùn: 5 sìkúwíà mítà.