Ẹ Má Gbin Họ́ọ̀pù sí Pálọ̀

Ẹ̀yin ọmọ wa ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, mo gbọ́ pé àwọn kan nínú yín ti ń pọn bíà fúnra wọn ní ilé ìdáná, wọ́n sì fẹ́ máa gbin họ́ọ̀pù tó ń mú bíà korò sínú fúláàtì. N kò wá bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ọtí. Họ́ọ̀pù wà nínú mọ́ọ̀tì tí àwa tí a kì í mutí ń mu níbi ìkómọjáde, kí kálukú rọra. Ọ̀rọ̀ ọ̀gbìn ni mo bá wá.

1. Ẹ mọ ohun tí ẹ ń gbé wọlé. Ìtàkùn ni họ́ọ̀pù. Láti oṣù kẹrin sí oṣù keje, ó lè gùn tó mítà 5 tàbí 6, bẹ́ẹ̀ àjà fúláàtì ọ̀pọ̀ yín kò ju mítà méjì àbọ̀ lọ. Èyí tí wọ́n ń pè ní First Gold jẹ́ aràrá láàárín wọn. Òun ni kí ẹ wá. Ẹ ra èyí tó ti hù nínú ìkòkò, ẹ má ra irúgbìn. Abo nìkan ló ń so òdòdó tí à ń wá, kò sì sí bí ẹ ṣe lè wojú irúgbìn kí ẹ mọ̀ bóyá akọ ni.

2. Ẹ jẹ́ kí òtútù mú un. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ yín kì í fẹ́ gbọ́. Àwa ń sá fún òtútù, họ́ọ̀pù ń wá a kiri. Tó bá di oṣù kọkànlá, gbogbo ara rẹ̀ tó wà lókè ilẹ̀ á gbẹ, gbòǹgbò nìkan ni yóò kù lábẹ́ ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ gbà pé gbòǹgbò yẹn nílò ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú òtútù gidi kó tó lè jí dáadáa nígbà ìrúwé. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ hítà, ó lè má rí oorun sùn. Nítorí náà bálíkónì ni àyè rẹ̀, ì báà jẹ́ èyí tóóró tí ẹ ń sá aṣọ sí. Kí ẹnikẹ́ni má sì dà á nù nígbà Kérésì pé ó ti kú o!

3. Ẹ ṣọ́ iná yín. Họ́ọ̀pù mọ bí ọ̀sán ṣe gùn tó. Ní oṣù kẹfà, ọ̀sán Lọ́ńdọ̀nù ń gùn ju wákàtí 16 lọ. Ìgbà yẹn ló ń fi gbogbo agbára ga. Bí ọ̀sán bá wá ń kúrú, tí òru ń gùn, ló ń mọ̀ pé àsìkò àtitanná ti tó. Ẹ wá gbé e sí pálọ̀ tí gílóòbù àti tẹlifíṣọ̀n ń tàn títí di aago méjìlá òru, ta ni yóò sọ fún un pé ilẹ̀ ti ṣú? Nílé wa ní Nàìjíríà ńkọ́? Bíi wákàtí 12 ni ọ̀sán jálẹ̀ ọdún, ìdí nìyẹn tí họ́ọ̀pù fi máa ń fẹ́ tanná níbẹ̀ kó tó dàgbà. Láti ìgbà tí Nigerian Breweries ti pọn bíà Star àkọ́kọ́ wọn ní Èkó lọ́dún 1949, òkè òkun ni họ́ọ̀pù ti ń wá.

4. Ìkòkò tó gba nǹkan bí lítà 40 ló yẹ ẹ́, kó sì níhò nídìí. Ẹ so okùn fún un, ẹ má jẹ́ kó gun páìpù onílé. Bí ọwọ́ aago ṣe ń yí ló ń lọ́ mọ́ okùn. Bí ẹ bá lọ́ ọ sí òdìkejì, yóò tú ara rẹ̀. Ẹ fi àwo sábẹ́ ìkòkò kí omi má kán sórí aṣọ ará ìsàlẹ̀.

5. Ẹni tó bá taku pé inú ilé ni dandan, kó máa yí ewé wò lẹ́yìn. Ooru gbígbẹ ń pe kòkòrò pupa kan tó kéré débi pé ẹ lè má rí i. Àmì tóótòòtóó lára ewé àti òwú bíi ti aláǹtakùn lẹ ó kọ́kọ́ rí. Ẹ fi omi ṣáwà fọ̀ ọ́. Tí ògiri ẹ̀yìn àga yín bá sì ti ń bu, ọ̀rinrin tí ewé ń tú jáde á dá kún un.

6. Ẹ béèrè ìtàn họ́ọ̀pù lọ́wọ́ ìyá àgbà òyìnbó tó wà lẹ́nu ọ̀nà kejì. Nígbà kan rí, ìdílé tálákà ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin láti London Bridge lọ sí Kent ní oṣù kẹsàn-án, tìyátọmọ, lọ já họ́ọ̀pù. Iṣẹ́ ni, ìsinmi náà sì ni, nítorí wọn kò ní òmíràn. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ẹ̀rọ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn. Ọjà tí wọ́n ti máa ń ta họ́ọ̀pù tẹ́lẹ̀ ní Southwark Street, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1867, ṣì dúró. Ẹ lọ wò ó.

7. Ìparí oṣù kẹjọ sí oṣù kẹsàn-án ni kíkórè. Ẹ fún òdòdó kan: tó bá gbẹ bíi bébà lọ́wọ́, tí lẹ́búlẹ́bú àwọ̀ ìyeyè inú rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ìka, ó ti tó. Ẹ wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn, torí irun ara ìtàkùn náà ń họ ènìyàn. Ẹni tó bá ní ajá, kó pa á mọ́ sí yàrá mìíràn; họ́ọ̀pù, tútù tàbí èyí tí ẹ ti sè tán, lè pa ajá.

8. Tí ẹ kò bá ní bálíkónì rárá, ẹ fi họ́ọ̀pù sílẹ̀, ẹ gbin ewúro. Ewúro ló yẹ ojú fèrèsé. Ẹ gé igi rẹ̀ tó lójú mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́wọ́ ẹni tó ní in, ẹ kì í bọlẹ̀, ẹ sì gbé e wọlé kí yìnyín tó dé. Ewúro kò sì ṣàjèjì sí ọ̀rọ̀ bíà. Lọ́dún 1988, ìjọba Nàìjíríà fòfin de kíkó mọ́ọ̀tì ọkà bálì wọlé. Àwọn apọntí yíjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wa náà sì ti gbé ewúro àti orógbó yẹ̀ wò bóyá wọ́n lè ṣe iṣẹ́ họ́ọ̀pù. Ẹ dán ewúro wò nínú bíà yín. Èyí tó bá kù, ẹ bọ̀ ọ́, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi se ọbẹ̀, kí ẹ sì gbé díẹ̀ wá fún mi.